Owó orí ìyàwó, owó orí ìjọba: kí ni òfin mọ̀ nípa àwa tá à ń gbé pọ̀?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún keje rèé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń gbé pọ̀ ní Ṣágámù. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa ní Òde Rẹ́mọ, wọ́n gbé èso àti wáìnì wá, a jẹ, a mu, ọ̀rọ̀ sì dúró síbẹ̀. Kò sí ìdána, kò sí ríjísírì. A ti bí ìbejì. A ra àbọ̀ pulọ́ọ̀tì, àwa méjèèjì la dá owó rẹ̀, àmọ́ orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lórí rìsíìtì. Mo ń ránṣọ, òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀, á ní òfin ti sọ wá di tọkọtaya lẹ́yìn ọdún méje, ká yáa fi owó ìnáwó kọ́lé. Ó tún ní bí a bá gba ìwé ìgbéyàwó, ìjọba á pa owó orí àwa méjèèjì pọ̀, á sì wọ́n ju báyìí lọ. Ṣé òótọ́ ni?

* * *

Àbúrò mi, rárá ni, lápá méjèèjì.

Kò sí ọdún méje nínú òfin Nàìjíríà. Kò sí ọdún mẹ́wàá, kò sí ogún ọdún. Bí ẹ bá gbé pọ̀ títí ẹ fi rí ọmọ ọmọ yín, tí ẹ kò bá gba ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tí òfin mọ̀, ojú ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni òfin á fi máa wò yín. Ọ̀nà kìíní ni ti ìbílẹ̀: kí àwọn òbí fọwọ́ sí i, kí wọ́n gba owó orí, kí wọ́n sì fa ọmọ lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́. Ìkejì ni yìgì, ti Mùsùlùmí, tòun ti walí (ẹni tó dúró fún ìyàwó), sàdáákì àti ẹlẹ́rìí méjì. Ìkẹta ni èyí tí Marriage Act (òfin ìgbéyàwó ti ìjọba) ń darí, ti ríjísírì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ.

Ọdún méje yẹn, mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Àwọn èèyàn máa ń ní ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní Amẹ́ríkà gan-an, kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó ní òfin bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà: mi ò kì í ṣe lọ́yà. Mo ṣe akọ̀wé fún lọ́yà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún 16, èmi ni mo ń tẹ ìwé, tí mò ń gbé fáìlì lọ sí kóòtù. Ní báyìí, àwọn oníṣòwò kékeré ni mò ń bá kọ fọ́ọ̀mù owó orí. Nínú iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀rọ̀ rẹ yìí ni mo rí jù.

* * *

Èsì ti pọ̀ lábẹ́ ìbéèrè yìí láti àná. Bí mo ṣe kà wọ́n, àwọn kan gbà pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti tó: nígbà tí ẹbí méjì bá ti jókòó, tí wọ́n sì ti jọ jẹun, kí ló tún kù? Àwọn kan sì ní kò sí owó orí ìyàwó mọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, nítorí ojú agbo kan náà tí bàbá ìyàwó ti gbà á ló ti ń dá a padà. Wọ́n ní ẹni tó san án àti ẹni tí kò san án, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ, ìmọra ni. Ẹbí ọkọ wá sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ẹ gbà wọ́n láyè kí wọ́n padà wá tọrọ rẹ̀. Bí wọn kò bá padà wá, kò sí ìgbéyàwó tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tú ká, a ò lè pè é ní ìkọ̀sílẹ̀. Èèyàn lè mọ ẹni ogún kó má fẹ́ ìkankan.

Lórí owó tí wọ́n ń dá padà, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdána. Àpò owó orí á wọlé lórí àwo, òun pẹ̀lú obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀. Alága á kà á sókè. Bàbá á nawọ́ gbà á, á gbàdúrà lé e. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ní òun kì í ta ọmọ, ẹ máa bá òun tọ́jú rẹ̀, á sì dá àpò náà padà. Ó ti gbà á kó tó dá a padà! Ẹ̀bùn tirẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí àna rẹ̀. Mo ti jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ tí lọ́yà ń bi ẹlẹ́rìí pé: ta ló gba owó orí? Ta ló wà níbẹ̀? Ta ló fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́? Kò béèrè iye ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n sè. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹ ya fọ́tò àkókò yẹn, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Ẹ tún lè kọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ìlíṣàn kọ̀wé pé pásítọ̀ ti súre fún àwọn, àwọn sì ní ìwé ẹ̀rí ìsúre. Ẹ̀gbọ́n, ìsúre dára, àmọ́ kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin. Kí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó lè dúró, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní ríjísírì. Wọ́n á lẹ orúkọ yín síta fún ọjọ́ 21, bóyá ẹnì kan ní ohun tó fẹ́ fi ta kò ó. Bí kò bá sí, ẹ ó gba ìwé àṣẹ, ẹ ó sì ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ilé ìjọsìn náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

* * *

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sí i kí n tó kúrò lórí ìdána, nítorí mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Ṣé bàbá àwọn ọmọ yìí ti fi ọwọ́ sí ìwé ríjísírì pẹ̀lú obìnrin kan rí?

Má bínú pé mo béèrè. Ọkùnrin tó bá ti ṣe ti ríjísírì, tí kóòtù kò tíì tú u ká, kò lè ṣe ìdána pẹ̀lú ẹlòmíràn kó dúró. Asán ni lójú òfin, bí ẹbí méjèèjì tilẹ̀ jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Bó bá sì tún lọ ṣe ríjísírì ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà fún un nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó ríjísírì ká, àfi High Court. Mo ti rí obìnrin tó fi ọdún 12 dúró de ìdána, tó sì wá rí ìwé ìyàwó tó wà ní Èkó nínú àpótí lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kú.

* * *

Ó yá, owó orí kejì.

Orúkọ kan náà ni Yorùbá fi ń pe méjèèjì, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dàrú mọ́ ara wọn. Ọ́fíìsì owó orí kò béèrè bóyá ẹ ti ṣe ìdána. Nílẹ̀ wa, olúkúlùkù ló ń san tirẹ̀ lórí ohun tó wọlé fún un, ọkọ lọ́tọ̀, ìyàwó lọ́tọ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù tọkọtaya. Ìwé ìgbéyàwó kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó orí yín, kò sì yọ kọ́bọ̀ kan kúrò, àfi ọ̀nà kékeré kan tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kí wọ́n tó tún òfin ṣe ní 2011, òṣìṣẹ́ a máa gba àdínkù ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ọmọ mẹ́rin lọ. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà yẹn ṣì ń rántí, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé owó orí aláya yàtọ̀ sí ti àpọ́n. Ó ti di ìtàn. Òfin tuntun, Nigeria Tax Act, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, kò dá a padà. Ohun tó ṣe ni pé kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún èèyàn lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, náírà 15 nínú 100. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 25 nínú 100 fún àwọn olówó ńlá.

Owó ilé ni ibi kan tí gbígbé pọ̀ ti kan ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tuntun gbà kí ayálégbé yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé ọdún kan kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, àmọ́ ohun tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ká ní ₦1,800,000 ló ń wọlé fún bàbá ìbejì lọ́dún, tí owó ilé yín sì jẹ́ ₦600,000. Mo fi pẹ́ńṣàn sílẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Láìka owó ilé mọ́ ọn, ₦150,000 ni owó orí rẹ̀. Bó bá yọ ₦120,000, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé, á di ₦132,000. ₦18,000 ló fi sápò.

Àmọ́ orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì owó ilé? Bó bá jẹ́ orúkọ Ìyá Ìbejì, tí owó aṣọ rírán rẹ̀ kò sì tó ₦800,000 lọ́dún, àdínkù yẹn kò wúlò fún un, ọkùnrin náà kò sì ní ìwé tó lè fi gba tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń san án, ẹ sọ fún onílé kó já rìsíìtì méjì, kí olúkúlùkù kọ ìdajì tó san. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ̀yin méjèèjì kọ odindi owó ilé sórí fọ́ọ̀mù. Irọ́ nìyẹn, ó sì ní ìjìyà.

Àǹfààní kan wà tó jẹ́ ti tọkọtaya nìkan: èèyàn lè yọ owó ìbánigbófò tó san lórí ẹ̀mí ara rẹ̀ tàbí ti ẹni tó bá ṣègbéyàwó. Kò lè yọ ti ẹni tí wọ́n kàn jọ ń gbé.

Owó ọbẹ̀ tí ọkùnrin ń fi ránṣẹ́ ní báǹkì ńkọ́? Ẹni mẹ́ta ló ti béèrè. Ẹ fọkàn balẹ̀. Orí èrè àti owó oṣù ni wọ́n ń bu owó orí lé, wọn kì í bu ú lé ìṣù ẹran àti gààrí.

* * *

Ẹnì kan tó ń ta kẹ́míkà oko ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní kí n má tan àwọn èèyàn. Ó ní òun àti obìnrin tí òun ń bá gbé jọ ní ṣọ́ọ̀bù kan, ìwé owó orí kan ṣoṣo sì ni wọ́n gbé wá fún àwọn, kí ló dé tí mo fi ní olúkúlùkù ló ń san tirẹ̀?

Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá, torí ibẹ̀ ni òfin ti ṣàánú àwọn tó ń gbé pọ̀. Òfin lè má mọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya, àmọ́ ó mọ àjọṣe òwò dáadáa. Bí ẹ bá fi orúkọ ẹ̀yin méjèèjì forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń fi orúkọ òwò sílẹ̀), tí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdajì-ìdajì ni èrè, tàbí ìdá kan sí ìdá méjì, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọn á fi ṣírò owó orí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú tàbí tó kó lọ, ìwé yẹn á sọ ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kejì. Mo mọ obìnrin kan ní Ìṣarà tí ìwé orúkọ òwò ló yọ ọ́. Wọ́n ti ilé mọ́ ọn síta, àmọ́ wọn kò lè ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má gbàgbé pé kí oṣù kẹta ọdún kọ̀ọ̀kan tó parí ni kí oníṣòwò ti kọ fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá, ì báà jẹ́ òdo ni owó orí rẹ̀.

* * *

Mo fẹ́ sọ ti àbúrò ìyá mi. Ó ti yọ̀ǹda kí n sọ ọ́.

Ọdún 19 ni òun àti ọkùnrin kan fi gbé pọ̀ ní Ìperu. Gààrí ló ń tà, ọkùnrin náà ń wa tírélà. Obìnrin kan ti bímọ fún ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀, ọmọ mẹ́ta, àbúrò ìyá mi bí méjì. Wọ́n kọ́ ilé yàrá mẹ́rin. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí àwọn ẹbí fi ní kí àlejò palẹ̀ mọ́. Àlejò, lẹ́yìn ọdún 19!

Ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan wá bá mi, ó ti dípẹtà létí. Rìsíìtì ilé kíkọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo da wọ́n sórí ẹní, mo sì tò wọ́n: símẹ́ńtì, irin, páànù, ìṣó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 23. Orúkọ ọkùnrin náà ló wà lórí 17, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àǹtí mi ló gbé owó lọ, nítorí ẹni tó ń já rìsíìtì a máa béèrè pé, “Orúkọ bàbá ńkọ́?” Lórí márùn-ún, “Ìyá Bọ́sẹ̀” ni wọ́n kọ. Ẹyọ kan ṣoṣo, ti páànù, ló ní orúkọ rẹ̀ tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, torí pé òun àti ẹni tó ń ta páànù jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́yà gbé ìwé páànù yẹn sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Ká ní gbogbo wọn rí báyìí ni!”

Kóòtù lè gbà pé èèyàn ní ìpín nínú ilé tó bá owó rẹ̀ kọ́, àmọ́ ìwé ni yóò fi hàn án. Ẹjọ́ nípa pípín dúkìá, tí adájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ máa ń dá fún àwọn tó ṣe ríjísírì, kò sí fún ẹni tó kàn ń gbé pọ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló gbà á là. Bàbá wọn ló sọ wọ́n lórúkọ, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí wọn, òun ló ń san owó ilé ìwé. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ìpín 42, ní a kò gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ du ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àṣà wa náà gba ọmọ tí bàbá bá ti jẹ́wọ́. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín in: ìdí ìyá kan, ìpín kan. Bóyá ẹ ti gbọ́ nípa ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó lọ títí dé Privy Council, kóòtù ìkẹyìn wa nígbà náà, ní London ní 1962. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, kì í ṣe orí-ò-jorí (ọmọ kan, ìpín kan), àfi bí ẹbí bá jà tí olórí ẹbí sì ní kí wọ́n pín in orí-ò-jorí. Báyìí ni ọmọ méjì àǹtí mi ṣe gba yàrá méjì, ọmọ mẹ́ta ti obìnrin àkọ́kọ́ gba méjì. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ. Kò sí ohunkóhun lórúkọ tirẹ̀.

* * *

“Bí ìdána kò bá fún obìnrin ní ilé, kí la wá ń ṣe é fún?” Ẹni tó béèrè yìí láti Àgọ́-Ìwòyè mọ nǹkan. Òótọ́ ni pé nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Àwọn kóòtù ti ń sọ ọ́ láti 1929. Ọmọ ló ń jogún. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ fún Ìyá Ìbejì pé bó bá ṣe ìdána ní Sátidé, ó ti ní ìdajì ilẹ̀ ní Sọ́ńdè. Ìdána á sọ ọ́ di ìyàwó, á pa ẹnu àwọn tó fẹ́ pè é ní àlejò mọ́. Ríjísírì ló ń fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú òfin bí ọkọ bá kú láìkọ wíìlì. Orúkọ lórí ìwé ilẹ̀ àti wíìlì ló sì lágbára jù lọ, wọ́n sì lè wà bí kò tilẹ̀ sí ìgbéyàwó kankan.

Wíìlì kì í ṣe ti olówó nìkan. Ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kó fọwọ́ sí i, ẹni tí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ṣọ́ra o: bí ẹ bá kọ wíìlì tán tí ẹ wá lọ ṣe ríjísírì, ìgbéyàwó yẹn á pa wíìlì náà rẹ́. Ẹ tún un kọ.

Next of kin tí ẹ kọ sí báǹkì kọ́ ni ajogún. Ẹni tí wọ́n máa pè ni. Bí kò bá sí wíìlì, báǹkì á ní kí ẹ mú letter of administration (ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀) wá láti probate, ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní High Court, ẹni tó kàn ń bá olóògbé gbé kò sì lè gbà á fún ara rẹ̀. Ó lè dúró fún ọmọ tó bí fún un, bí àwọn ẹbí bá bá a ṣe é. Ẹ máa san owó kan ní probate níbàámu pẹ̀lú iye ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe owó orí ogún. Owó orí ogún wà nílẹ̀ yìí rí, láti 1979 títí wọ́n fi fagi lé e ní 1996.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan láti Odògbolú bínú sí gbogbo wa. Ó ní obìnrin tó ń lé ìwé, ogún ló ń lé, pé ìfẹ́ kò nílò rìsíìtì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin fún yín. Mẹkáníìkì kan kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ẹbí obìnrin tó ń bá gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ṣe bíríkì fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n túká, àwọn ẹbí obìnrin ní ohun tó bá wà lórí ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín. Bí òfin ṣe rí náà nìyẹn. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn. Ọkùnrin yẹn sunkún ní ọ́fíìsì wa bí ọmọdé. Ìwé kò mọ akọ, kò mọ abo.

Lórí ìnáwó, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ayẹyẹ ń dá àwọn ọ̀dọ́ dúró. A fẹ́ràn àríyá níhìn-ín, ẹ wo bí owó ṣe ń lọ sórí aṣọ ẹgbẹ́ nígbà Ojúde Ọba, inú mi sì máa ń dùn sí i lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òfin ti ní kí ẹ gbé àga 300 kalẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ra. Òbí, owó orí, fífa ọmọ léni lọ́wọ́. Pálọ̀ tó. Èmi fúnra mi, ènìyàn 18 ló wà níbi ìdána mi, ọbẹ̀ ìkòkò kan ni ìyá mi sè, ìfọ́kọrẹ́ ìkòkò kan. Wọ́n ti ń pè mí ní ìyàwó láti ọjọ́ yẹn.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tó ń gbé ní London béèrè tiwọn: ọdún 11, ilé kan, ọmọ kan, kò sí ìgbéyàwó. Wọ́n ní níbẹ̀ gbogbo èèyàn ń pè wọ́n ní common law, ìyẹn tọkọtaya nítorí gbígbé pọ̀ nìkan.

Pípè ni wọ́n ń pè yín. Òfin England kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó tàbí ọkọ lè jogún láìsan owó orí ogún; ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ohun tó bá lé ní £325,000, 40 nínú 100 ni. Bí ọ̀kan nínú yín bá sì kú láìkọ wíìlì, ẹnì kejì kò ní ìpín kankan. Àfi kó lọ bẹ kóòtù, tó bá ti bá a gbé fún ọdún méjì ó kéré tán. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìgbéyàwó, civil partnership (àjọṣe tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba dípò ìgbéyàwó) wà, ó sì ti ṣí sílẹ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin láti ìparí ọdún 2019. Ní Kánádà, ó yàtọ̀: oṣù 12 gbígbé pọ̀, tàbí ọmọ kan, ti tó fún àwọn agbowó-orí wọn láti kà yín sí tọkọtaya, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ní California, ẹ lè forúkọ domestic partnership sílẹ̀, ìpínlẹ̀ náà á sì ṣe yín bí tọkọtaya, àmọ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní kà yín sí bẹ́ẹ̀.

Irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ògùn, kò sí ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá dé sílé, ìwé California yẹn kò lè gba ilẹ̀ fún yín ní Ìjẹ̀bú-Òde.

* * *

Ìyá Ìbejì ti dáhùn. Ó ní òun ka gbogbo èsì sétí bàbá àwọn ọmọ, ọkùnrin náà dákẹ́, ó ní òun kò mọ̀ pé ọdún méje yẹn irọ́ ni. Kò tíì ṣe ríjísírì pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó ti gbà kí orúkọ àwọn méjèèjì wọ ìwé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdána ṣì wà lẹ́nu àwọn òbí. Sátidé ni wọ́n fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìyá Ìbejì béèrè ohun tí òun máa mú dání.

Àbúrò mi, inú mi dùn gan-an. Mú rìsíìtì àkọ́kọ́ dání, má sì jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ kí tuntun tó jáde. Mú ẹ̀dà owó tí o fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì rẹ. Kí lọ́yà kan kọ ìwé ìsọdọ́wọ́ ilẹ̀ náà (ìwé tó gbé ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́) lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì, kó sì sọ ọ́ nínú rẹ̀ bóyá ìdajì-ìdajì ni, kí olórí ẹbí onílẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí tìrẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ san owó sítáǹbù. Nígbà tí ọwọ́ bá tẹ owó, ẹ wá ìwé àṣẹ ìjọba lé e ní Abẹ́òkúta.

Tí wọ́n bá sì bi ọ́ pé orúkọ wo ni kí àwọn kọ, má sọ pé Ìyá Ìbejì. Sọ orúkọ rẹ àti ti bàbá rẹ, bó ṣe wà lórí NIN rẹ gẹ́lẹ́, kí o sì dúró tì í títí yóò fi kọ ọ́ tán.